Kí Màmá Tó Wọ Bàálù: Ọ̀rọ̀ Dókítà àti Owó Rẹ̀ Nílùú Ọba

Láti ìgbà tí àwọn èèyàn wa ti ń fi físà iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti ti ìtọ́jú arúgbó wọlé, pàápàá láàárín ọdún 2022 sí 2024, kò sí ìpàdé tí a ṣe tí ẹnìkan kò ní fà wá sápá kan lẹ́yìn àdúrà ìparí, tí yóò sì rọra bèèrè pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ọ̀fẹ́ ni ọsibítù ibí yìí àbí a ó sanwó?" Ìdáhùn wa kì í gún régé lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán, torí onítọ̀hún ń sáré lọ wọ bọ́ọ̀sì, àwa náà ń to àga. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn rẹ̀ nínú ìwé wa tòní.

Ká má fa ọ̀rọ̀ gùn: àwọn kan wà tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún, àwọn kan ti san owó tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n tó wọlé, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n bá gbà wọlé ló máa sọ bóyá wọ́n á sanwó. Ọ̀rọ̀ àwọn tó gbẹ̀yìn yìí ló ká wa lára jù, torí àwọn ìyá àti bàbá wa tó ń wá kí wa ni wọ́n.

Nílé, a mọ bí nǹkan ṣe ń lọ. Kí dókítà tó fojú kan aláìsàn, a ó ra káàdì, a ó san owó sílẹ̀, wọ́n lè ní ká lọ ra abẹ́rẹ́ àti òwú wá pàápàá. Ínṣọ́ránsì ìlera ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005, òfin mìíràn sì jáde ní 2022 pé kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní i, ṣùgbọ́n àpò ara wọn ni ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń kì bọ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Ọkàn yẹn la gbé wá síbí. A rí ọsibítù, ohun tó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé, "Èló ni wọ́n máa gbà?" Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n ti gbọ́ láti Ìbàdàn pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo nǹkan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè mọ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù jù àti ẹni tí kò bẹ̀rù rárá, àwọn méjèèjì la ti rí tí wọ́n kó sí wàhálà.

NHS tí a ń sọ yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún oṣù keje ọdún 1948. Owó orí ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń gbé e ró, kì í ṣe owó tí a kà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí òfin sì ń wò kì í ṣe àwọ̀ ara tàbí páásípọ́ọ̀tì. Bóyá èèyàn ń gbé ìlú yìí ní tòótọ́, tàbí ó kàn wá kí wa ni, ìyẹn ló ń wò. England la ń bá wí nínú àpilẹ̀kọ yìí o. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ètò tiwọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra lọ́nà púpọ̀.

Ẹ jẹ́ á mú àwọn tó fi físà gígùn wọlé. Bí físà yín bá ju oṣù mẹ́fà lọ, ẹ ó rántí owó kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ yín lórí kọ̀ǹpútà, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú yín jókòó sílẹ̀. Immigration Health Surcharge ni wọ́n kọ sórí rẹ̀. IHS ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2015, £200 ni fún ọdún kan. Ó di £400 ní oṣù kìn-ín-ní 2019, ó di £624 ní oṣù kẹwàá 2020, nígbà tó sì di oṣù kejì 2024 ó fò sókè di £1,035 fún àgbàlagbà, £776 fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Ẹ bá wa ṣírò ọkọ, ìyàwó àti ọmọ méjì lórí físà ọdún mẹ́ta: £10,866 ni. Ẹni tó ti san irú owó yìí, tó wá jókòó sílé tó ń gbé paracetamol mì nítorí pé ó ń bẹ̀rù bíìlì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà bí ẹni tó ra ilé tó ń sùn sí gáréèjì.

Àwọn tó fi físà Health and Care Worker wọlé kì í san IHS rárá, àwọn àti ìdílé tó bá wọn wọlé. Wọn kò sì kéré sí ẹni tó san án nídìí ìtọ́jú. Ẹ máa sinmi, kò sẹ́ni tó máa bèèrè rìsíìtì lọ́wọ́ yín lọ́dọ̀ dókítà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń kó jìnnìjìnnì bá àwọn èèyàn wa: No recourse to public funds, tí wọ́n ń kọ mọ́ físà. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ òru sọ fún wa pé òun kò lè lọ rí dókítà nítorí ọ̀rọ̀ yìí, kí Home Office má bàa gba físà òun. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Owó ìrànwọ́ bíi Universal Credit àti ilé káńsù ló ń bá wí. Ìtọ́jú NHS kò sí lára rẹ̀.

Ohun tí IHS kò bá yín san ni oògùn láti kẹ́míìsì, eyín, àyẹ̀wò ojú, àti ìtọ́jú fún àwọn tó ń wá ọmọ lọ́nà IVF. Oògùn, eyín àti ojú, bí ọmọ onílẹ̀ ṣe ń san tirẹ̀ lẹ ó ṣe san tiyín. Ti IVF le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí láti oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára ohun tí ẹni tó san IHS lè gbà láìsanwó. A mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dun àwọn tó kàn, a ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá kan GP. Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá dé, nígbà tí ara ṣì le koko. Kì í ṣe ọjọ́ tí ibà bá gbé yín dè lẹ ó máa wá fọ́ọ̀mù kiri. Bí ẹni tó wà ní kántà bá ní kí ẹ lọ mú bíìlì iná wá, tàbí kí ẹ mú físà wá, ẹ rọra sọ fún un pé NHS fúnra rẹ̀ sọ pé kò pọn dandan: èèyàn kò nílò ẹ̀rí ilé, káàdì ìdánimọ̀ tàbí ìwé ìgbélùú kó tó lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP. Wọ́n lè sọ pé àwọn ti kún, tàbí pé àdúgbò yín jìnnà sí àwọn. Ìyẹn tọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé fún yín. Àwọn mìíràn tó ń gbé yàrá kan nílé ọ̀rẹ́, tí orúkọ wọn kò sí lórí bíìlì kankan, ti tìtorí èyí pẹ́ oṣù mẹ́jọ láìní dókítà.

Ẹ jọ̀wọ́, orúkọ kan ṣoṣo ni kí ẹ fún wọn, èyí tó wà nínú páásípọ́ọ̀tì. Àwa Yorùbá, orúkọ wa pọ̀! Ẹnìkan á jẹ́ Ọláìdé lọ́dọ̀ GP, á jẹ́ Elizabeth ní ọsibítù, á wá jẹ́ Ìyá Bọ́lá lẹ́nu ẹni tó pe áńbúláǹsì. Fáìlì mẹ́ta ló di yẹn. Ọjọ́ ìbí náà ńkọ́? Bí ẹ bá fi ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní sínú páásípọ́ọ̀tì Bàbá torí pé kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ gidi sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, òun náà ni kí ẹ máa sọ níbi gbogbo.

Nǹkan kan ń bí àwọn àgbà wa nínú. Ẹ pe GP ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ẹ dúró lórí ìlà títí tí orin wọ́n fi sú yín, ọmọdébìnrin kan wá gbé e, ó ní, "Kí ló ń ṣe yín?" Màmá á ní, "Ṣé ìwọ ni dókítà ni? Kí lo fẹ́ fi àìsàn mi ṣe?" Iṣẹ́ rẹ̀ ni o. Ó ń wò ó bóyá dókítà lẹ máa rí tàbí nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn kẹ́míìsì. Ẹ má ṣe rọra sọ ọ́ bí ẹni ń tijú. "Ara mi kò fi bẹ́ẹ̀ yá" kò lè gba ààyè fún yín lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó ń dùn, àti ohun tí ẹ kò lè ṣe mọ́. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní 2024 ni àwọn kẹ́míìsì ní England náà ti lè tọ́jú àwọn àìsàn méje kan láìjẹ́ pé a dé ọ̀dọ̀ dókítà: ọ̀nà ọ̀fun dídùn, etí dídùn, kòkòrò tó bu èèyàn jẹ tí ojú rẹ̀ sì ń kẹ̀, àkóràn ọ̀nà ìtọ̀ lára obìnrin, àti mẹ́ta mìíràn. Ètò náà dára. Ó dín ìdúró aago mẹ́jọ kù.

Bí GP bá ti tì, 111 lẹ ó pè. Bí àyà bá ń ro èèyàn gidigidi, tí ẹnu bá wọ́, tí apá kan bá kú, tí èémí kò bá já geere, 999 ni, lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe kọ́kọ́ pe pásítọ̀ tàbí àlùfáà. Ẹ pè wọ́n nígbà tí áńbúláǹsì bá ti ń bọ̀. Bí Màmá kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ bèèrè ògbufọ̀ Yorùbá. NHS ló ń san owó rẹ̀. Kò bójú mu ká mú ọmọ ọdún mọ́kànlá jókòó pé kó máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ ara ìyá ńlá rẹ̀ fún dókítà. Ohun tí Màmá kò lè sọ níwájú ọmọ yẹn, kò ní sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ á wá padà sọ́dọ̀ Màmá tó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Físà àlejò ló gbà, oṣù mẹ́fà. Kò san IHS, wọn kò sì bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ó wọlé láìní nǹkan tó máa gbà á sílẹ̀ bí ara bá kọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa bímọ ní ọdún tó kọjá, ìyá rẹ̀ sì wá láti Ìjẹ̀bú. Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn oṣù kan ló kó wá, torí wọ́n sọ fún un nílé pé a máa ń gba oògùn lọ́fẹ̀ẹ́ níbí. Nígbà tó tán, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kó má bàa di ẹrù ru ọmọ tó ń ṣe abiyamọ lọ́wọ́. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Ó fi gèlè di orí, ó ń wẹ ọmọ, ó ń fi omi gbígbóná jó ikùn ìyá ọmọ. Lọ́jọ́ kẹta ìjókòó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó dé ọsibítù láàyè, a dúpẹ́, ó sì ń rìn lónìí pẹ̀lú ọ̀pá. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ nínú áńbúláǹsì ni pé kí wọ́n gbé òun padà sílé, pé òun kò fẹ́ kí wọ́n tìtorí òun ta ilé ọkọ ọmọ òun.

Ohun tí Màmá yìí kò mọ̀ ni pé ọ̀dọ̀ GP kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òun. Ní England, ẹnikẹ́ni tó bá wà nílùú, àlejò tàbí onílé, lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP kó sì rí dókítà tàbí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ láìsanwó. Bí kò bá ní pé oṣù mẹ́ta, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wà fúngbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìwé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìbá jẹ́. A&E náà, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo èèyàn, títí di ìgbà tí wọ́n bá gba aláìsàn sórí bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù, tàbí tí wọ́n bá ní kó padà wá sí kílíníìkì ọsibítù. Láti ibẹ̀ lọ ni mítà bẹ̀rẹ̀ sí í ka, ó sì ń ka kíákíá: ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ná NHS ni àlejò ń san. Nǹkan tó ná wọn £2,000, £3,000 ni wọn yóò kọ ránṣẹ́.

Àmọ́ àwọn ìtọ́jú kan wà tí wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí wọn, àní bí wọ́n bá gba onítọ̀hún sí wọ́ọ̀dù. Ìtọ́jú àrùn tó lè ràn wà lára wọn: ikọ́ ẹ̀gbẹ, HIV, àti ibà ẹ̀fọn tí a ń pè ní malaria. Ẹ tẹ́tí sí ti malaria yẹn dáadáa. Bí Bàbá bá dé láti Òṣogbo, tí ara rẹ̀ gbóná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí ẹ ń rò pé òtútù ló mú un, ẹ sọ fún dókítà pé Nàìjíríà ló ti dé. Bí ẹ kò bá sọ ọ́, dókítà lè má ronú kàn án, malaria kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ má fi àgbo tí Bàbá gbé wá pamọ́ fún un náà. Dókítà kò ní rí yín fín. Ó fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ara kó má bàa fún un ní oògùn tí yóò bá a jà ni.

Bí ìtọ́jú bá jẹ́ kánjúkánjú, ọsibítù kò gbọdọ̀ lé aláìsàn torí owó. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀, bíìlì á tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti aláboyún: owó lè wà lórí rẹ̀ bó bá jẹ́ àlejò, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ dá ìtọ́jú oyún tàbí ìbímọ dúró nítorí rẹ̀. Èyí tí kì í ṣe kánjúkánjú, bíi orúnkún tó ti ń dun Màmá láti ọdún mẹ́wàá, wọ́n á gba owó rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Àwọn kan ń rò pé wọ́n lè dọ́gbọ́n mú un wá gẹ́gẹ́ bí àlejò kó lọ ṣe é níbí. Kò ní ṣeé ṣe.

Bí bíìlì bá wá dé, ẹ má jù ú sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbèsè tó bá tó £500, tó sì pé oṣù méjì láìsan, ọsibítù lè fi tó Home Office létí, wọ́n sì lè tìtorí rẹ̀ kọ físà tí Màmá bá tún béèrè. Ẹ pe ọ́fíìsì tó ń rí sí owó àlejò ní ọsibítù náà, ẹ sọ ohun tí ẹ lè san lóṣooṣù, kí ẹ sì gba àdéhùn náà nínú ìwé. Ọmọ Ìyá Ìjẹ̀bú yẹn ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ṣì ń san án.

Ìdí rèé tí a fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ ra ínṣọ́ránsì ìrìnàjò fún wọn kí wọ́n tó kúrò ní Nàìjíríà, torí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ kì í tà á mọ́ fún ẹni tó ti gbéra. Kì í ṣe èyí tó wọ́n kéré jù tí aṣojú ìrìnàjò fi mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ máa wá. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ nípa àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀. Bí Màmá bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, kódà bí owó á bá lé. Bí ẹ bá fi pamọ́ kó lè dín, tí ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn sì gbé e dé ọsibítù, ìwé yẹn kò wúlò mọ́, owó tí ẹ san ti wọgbó. Àlejò tó ju ẹni àádọ́rin ọdún lọ, iye tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lè dẹ́rù bà yín. Ẹ fi wé bíìlì ọjọ́ mẹ́wàá ní wọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó pinnu. Kí wọ́n kó oògùn tó máa tó wọn lò wá, nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà dókítà wọn. Kí ẹ̀yin náà máa bi wọ́n léèrè ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra wọn pé, "Màmá, ẹ gbé oògùn yín wá ká wò ó." Ẹ má gba "Ó wà níbẹ̀" gbọ́ láìfojú rí i.

Díẹ̀ ló kù, lórí owó oògùn àwa tí a ń gbébí. £9.90 ni fún oògùn kọ̀ọ̀kan ní England láti oṣù karùn-ún 2024, wọn kò sì fi kún un ní 2025. Ọmọ tí kò tó ọdún 16, ẹni tó ti pé ọgọ́ta, aláboyún àti ìyá ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kì í san án, bí wọ́n bá gba káàdì ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Oògùn àtọ̀gbẹ wà lára àwọn tó ní ìyọ̀ǹda, ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò sí níbẹ̀. Àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde náà kò sí níbẹ̀, ìyẹn sì ń bí wa nínú: ọdún 1968 ni wọ́n ti ṣe àkọsílẹ̀ yẹn, jẹjẹrẹ nìkan ni wọ́n sì rí fi kún un ní 2009. Bí oògùn yín bá ju ọ̀kan lọ lóṣù, ẹ má máa san án wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìwé ìsanwó-sílẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní PPC, £114.50 ni fún ọdún kan ní 2025, iye oògùn tó wù kí ẹ gbà. Ẹni tó ń lo oògùn méjì lóṣooṣù á san £237.60 láìní i. Ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ sí ibi tí a kọ ọ́ sí pé ẹ kì í sanwó bí kì í bá ṣe òótọ́. Ìtanràn rẹ̀ lè tó £100 lórí owó oògùn náà.

Ọ̀rọ̀ eyín la ó gbé yẹ̀ wò nínú ìwé wa tó ń bọ̀, torí òun gan-an ni wàhálà tirẹ̀ yàtọ̀. Lẹ́yìn ìpàdé oṣù yìí, àwọn nọ́ọ̀sì méjì nínú ẹgbẹ́ wa yóò jókòó sí igun ọwọ́ òsì gbọ̀ngán, nítòsí ilé ìdáná, láti bá ẹnikẹ́ni kọ fọ́ọ̀mù GP àti ti PPC. Ẹni tí ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ń bọ̀ lọ́dún yìí, kó mú àkọsílẹ̀ oògùn wọn dání. Ẹ tètè dé o, torí tí ìrẹsì bá ti jáde, kò sẹ́ni tó máa ráyè fọ́ọ̀mù mọ́.